Ẹ̀wà Ìrìnàjò Ìkẹyìn

Ilé wa ní etí odò,
Titusville, Florida.
Ogúnjọ́, oṣù Kìíní.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín láti ìsàlẹ̀ ọkàn mi wá. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà ara àti ìbàlẹ̀ ọkàn, kí òtútù orí òkè Nevada má ti wọ inú eegun yín, kí ẹsẹ̀ òsì tí ó máa ń dùn yín nígbà tí yìnyín bá bọ́ sì ti fúyẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ nípa tiwa, ara wa le, a sì ń dúpẹ́. Màmá ní kí n kí yín. Bí ó ti sọ ọ́ gan-an nìyí: "Kí i. Má fi nǹkan kan kún un." Nítorí náà, mo bá a kí yín, n kò sì fi nǹkan kan kún un.

Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ràn ìwé gígùn, àti pé orí fóònù ni a ti máa ń gbọ́ ohùn ara wa ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ẹ bá ti sinmi díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ibi ìwakùsà. Ṣùgbọ́n lórí fóònù, bí mo bá ti fẹ́ dárúkọ ọkọ̀ ojú ọ̀run báyìí, ẹ ó ní, "Ṣé òjò ń rọ̀ níbẹ̀ yẹn?" Mo ti ń ròyìn òjò Florida fún yín láti ìgbà tí mo wà ní ọmọdé, ó sì ti sú mi. Kò sí ẹni tí ó lè já lẹ́tà gbà lẹ́nu ẹni tí ó ń kọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú kálàmù.

N kò sì kọ ọ́ fún ara mi nìkan. Odell Fancher, tí ẹ̀yin àti òun jọ wa ọkọ̀ Ìgbín pẹ́ títí, mọ̀ pé mo ń kọ ọ́. Ileana Cordero, tí ó ń wa Ìgbín nísinsìnyí, mọ̀ pẹ̀lú. Ó ní òun fẹ́ kà á kí n tó fi ránṣẹ́. Mo tún ń kọ ọ́ ní orúkọ àwọn tí a jọ dàgbà ní òpópónà yìí, àwọn ọmọ tí òbí wọn kó ẹrù sínú ọkọ̀ ní ọdún tí ìrìnàjò ojú ọ̀run dópin níhìn-ín, tí a kò sì rí mọ́. Bí ọ̀rọ̀ mi bá wúwo ju ọjọ́ orí mi lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé ẹrù àwọn ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀.

Ẹ ti gbọ́ pé mo rí iṣẹ́ ní Ibùdó ọkọ̀ ojú ọ̀run lẹ́yìn tí mo gboyè jáde nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún yín, ẹ kọ́kọ́ bi mí bóyá òjò ń rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ sọ pé, "Ó dáa. Máa fi owó díẹ̀ pamọ́. Àwọn yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń gba èèyàn síṣẹ́, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń júwe ilé fún un." Ohun tí n kò tíì ráyè sọ ni ibi tí wọ́n pín mi sí. Ọ̀dọ̀ Ìgbín ni wọ́n pín mi sí, Bàbá. Ìgbín tiyín gan-an, ọkọ̀ agbẹ́rù ràgàjì tí ẹ fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ yín wà, tí ẹ fi ń gbé ọkọ̀ ojú ọ̀run ní òòró láti inú ilé gíga lọ sí orí pèpéle tí yóò ti gbéra. Èmi ni mo ń yẹ àwọn bàtà irin tí ó fi ń rìn wò, tí mo ń wá ibi tí ó bá ti fẹ́ sán. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn, mo gbọ́ òórùn ọ̀rá ẹ̀rọ tí ó máa ń wà lára ẹ̀wù yín nígbà tí ẹ bá gbé mi sókè ní ẹnu ọ̀nà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tí ó mú ojú mi pọ́n ní ọjọ́ náà.

Ìròyìn kejì kò rọrùn láti kọ. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ ni ẹ ti ń bẹ Màmá pé kí ó ta ilé yìí, kí ó wá bá yín ní Nevada, òun sì ń sọ pé rárá. Bàbá, ó ti gbà láti tà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín ni ó ń bọ̀. Ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Georgia ni ó ń lọ. Tọkọtaya kan láti Ohio wá wo ilé kí Kérésìmesì tó dé, wọ́n yin fàráńdà, wọ́n yin ojú omi, ọkùnrin náà sì ní òun yóò gé igi ọsàn kúrò nítorí ó ń dí òun lójú. Màmá ní kí wọ́n dúró títí ọkọ̀ ojú ọ̀run tuntun yóò fi gbéra. Bí ó bá ti lọ, òun yóò bu ọwọ́ lùwé fún wọn. Mo bi í pé kí ló dé tí ó fi jẹ́ ìsinsìnyí. Ó ń nu tábìlì lọ, kò wò mí, ó ní: "Bàbá ẹ ń wá kí mi bí àlejò. Á jókòó sí fàráńdà iwájú, á kẹ̀yìn sódò, á jẹ tòlótòló ọdún, á lọ. Mi ò lè máa bá ẹ̀yìn ọkùnrin gbé títí ayé. Bí eléyìí tó ń gbé èèyàn lọ sókè bá gbéra tí kò wá wò ó, kò ní í wá mọ́. Èmi náà á jáwọ́."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí ẹ tó ka ìyókù, kí ẹ má baà rò pé ìtàn àtijọ́ ni mo kàn ń pa. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi pé ibi tí ìgbín bá ń lọ ni ìkarahun rẹ̀ ń bá a lọ. Ẹ̀yin ni ìgbín kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí ó fi ìkarahun sílẹ̀ sí etí odò, tí ó sì sá lọ sí orí òkè.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí ọkọ̀ ìkẹyìn gbéra. Ẹ̀yin àgbà rò pé àwa ọmọdé kò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. A mọ̀. A mọ̀ ọ́n lára bí ẹ ṣe ń rẹ ohùn sílẹ̀ nígbà tí a bá wọlé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, àlejò kún etí odò bí eṣú, wọ́n gbé àga wá, wọ́n gbé agboòrùn wá, wọ́n ń ta ẹ̀wù tí wọ́n ya àwòrán ọkọ̀ sí. Iná ni a kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ni ìró rẹ̀ gba orí omi wá bá wa, tí ó mi gíláàsì fèrèsé wa. Àwọn àlejò hó yèè, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àwọn ará òpópónà wa kò hó. Wọ́n dúró bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé ọkọ, tí kò sì sí ọmọbìnrin mìíràn nílé.

Ẹ gbà mí láàyè kí n sọ nípa ẹ̀wà tí ẹ máa ń sè, nítorí Ileana tí yóò kà á kò jẹ nínú rẹ̀ rí. Ní ìrọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ ọjọ́ ìgbéra yóò mọ́, ẹ̀yin ni ẹ máa ń rẹ ẹ̀wà funfun wẹ́wẹ́ fún gbogbo ẹgbẹ́ Ìgbín, nínú ìkòkò irin ńlá tí bàbá yín fi sílẹ̀ fún yín. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣá ìṣáná sí ìdí rẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi lọ tán lójú. Bí ó bá ti lọ láyọ̀, ẹ ó dáná, ẹ ó ju eegun ẹlẹ́dẹ̀ sínú rẹ̀, àwọn ènìyàn yín yóò sì gbé abọ́ wá, olúkúlùkù pẹ̀lú tirẹ̀, Odell pẹ̀lú búrẹ́dì àgbàdo ìyàwó rẹ̀ tí ìdí rẹ̀ máa ń jóná. Ṣùgbọ́n bí ìjì tàbí àìsàn ẹ̀rọ bá mú kí wọ́n sún ìgbéra síwájú, a kì í se ẹ̀wà tí a ti rẹ, a kì í sì í dà á nù. Ẹ ó mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ ó ní kí n fi ìka dá ihò sílẹ̀, a ó sì gbìn ín. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn yín: "Ẹ̀wà tó bá ti mu omi, ọ̀nà méjì ló ní, ìkòkò tàbí ilẹ̀. Tó bá wọ ìkòkò, a ti lọ nìyẹn. Tó bá wọ ilẹ̀, kì í ṣe pé a ò lọ mọ́. Ọjọ́ míì ni."

Ní ọjọ́ ìkẹyìn yẹn, wọ́n wá. Wọ́n jókòó yí ààrò ká, abọ́ wà lórí orúnkún wọn. Ẹ di ìṣáná mú. Ẹ kò ṣá a. Odell, tí ẹnu rẹ̀ kì í gbé ibì kan, ní, "Wendell, ṣé ò ń gbàdúrà fún ìṣáná yẹn ni? Dáná, jàre. Ikùn ò tíì gbọ́ pé iṣẹ́ ti parí." Ẹ dáhùn pé, "Dáná fún kí ni? Ẹ̀wà yìí, ti àwọn tó máa tún lọ ni. Ta ló máa tún lọ? Oúnjẹ ìsìnkú lẹ fẹ́ kí n sè fún yín." Odell rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ó ní, "Níbi ìsìnkú gan-an, wọ́n ń jẹun." Mo rò pé ó fẹ́ gbé ọkàn yín sókè ni. Ọ̀rọ̀ náà kò sì bọ́ sí ibi tí ó jù ú sí. Ẹ gbé ìkòkò náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀yin nìkan, ẹ gbé e kọjá igi ọsàn, ẹ sì da gbogbo ẹ̀wà náà sí ìdí ọgbà tí ó dojú kọ odò. Ẹ wọlé, ẹ ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn dìde pẹ̀lú abọ́ òfìfo lọ́wọ́. Odell gbé búrẹ́dì àgbàdo sórí àtẹ̀gùn wa, ó fi ẹ̀wù bò ó kí èèrà má baà débẹ̀, ó sì lọ.

Ohun tí ó tẹ̀lé e, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ọkọ̀ náà lọ, ó sì padà balẹ̀ láyọ̀, ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ sì dé lẹ́yìn rẹ̀. Ó kan ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ó kàn yín, ẹ sì wá iṣẹ́ lọ sí Nevada. Kò kan Odell, nítorí wọ́n nílò ìwọ̀nba ènìyàn tí yóò máa tọ́jú Ìgbín nígbà tí ó bá ń sùn. Ẹ̀yin méjèèjì kò bá ara yín jà. Ìbá sàn bí ẹ bá ti jà, torí ìjà ní ìparí. Ẹ kàn dẹ́kun láti máa kí ara yín ni. Ní òpópónà wa, pátákó títà hù níwájú ilé bí olú. Ilé ìtajà tí ẹ ti máa ń ra yìnyín dídì olósàn fún mi kan ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Nínú kíláàsì wa, àga ń ṣófo lọ́kọ̀ọ̀kan. A óò dé ní ọjọ́ Ajé, a óò bá orúkọ ẹnì kan tí olùkọ́ kò ní í pè mọ́.

Àwọn tí ó ṣẹ́ kù nínú wa dàgbà ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ti ń fi ọ̀rọ̀ àná bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òní. "Nígbà tí a ṣì ń lọ," ni ẹ̀yin àgbà máa ń wí, bí ẹni pé àwa ọmọ kò ní í lọ sí ibì kankan. A ń kọjá lábẹ́ àwòrán àwọn arìnrìn-àjò ojú ọ̀run lára ògiri ilé ẹ̀kọ́, a sì ń rò pé baba ńlá àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n. Mo ń sọ èyí ní orúkọ gbogbo wa, láìsí ìbínú. Wọn kò já iṣẹ́ nìkan gbà lọ́wọ́ yín. Wọ́n já ọ̀la gbà lẹ́nu yín, ẹ kò sì rí i sọ fún wa mọ́.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá. Ilẹ̀kùn ilé gíga ṣí, Ìgbín sì jáde pẹ̀lú ọkọ̀ tuntun lórí rẹ̀, èyí tí yóò gbé ènìyàn mẹ́rin yí òṣùpá ká. Mo dé akoto mi, mo ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà irin rẹ̀, mo ń gbọ́ bí òkúta ojú ọ̀nà ṣe ń fọ́ lábẹ́ rẹ̀ bí iyọ̀. Àwọn ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ wà lórí koríko. Odell ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìbàdí rẹ̀ ń dà á láàmú, wọ́n sì ti ní kí ó jókòó sínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó ní, "Ìrìnàjò ìkẹyìn mi rèé kí n tó fẹ̀yìn tì. Ṣé ẹ fẹ́ kí ohun tó ń rìn bí ìgbín tún fi mí sílẹ̀ ni?" Ó wá rántí bí ó ṣe máa ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀: "Mo máa ń sọ fún bàbá ẹ pé, 'Wendell, kí ìwọ àti Ìgbín ẹ tó débẹ̀, ìyàwó mi á ti bímọ, á ti já ọmọ lẹ́nu ọmú.' Ó máa ń ní, 'Tó o bá ń kánjú, bọ́ sílẹ̀, kó o gbé e rù.'"

Kí Ìgbín tó gbéra, Ileana ti bu kọfí sínú kọ́ọ̀pù títí ó fi kan ẹnu, ó sì gbé e kalẹ̀ síwájú ara rẹ̀ níbi tí ó jókòó sí. Nígbà tí a dúró díẹ̀ lójú ọ̀nà láti yẹ ẹ̀rọ wò, mo gùn lọ bá a, mo sì bi í pé kí ni ó fi ń ṣe. Ó wò mí bí ẹni tí ó béèrè ìdí tí a fi ń wọ bàtà. "Tó bá dà, a jẹ́ pé mò ń kánjú. Tí ò bá dà, màá mu ún ní tútù tá a bá débẹ̀. Odell ló kọ́ mi." Odell gbọ́ láti ìsàlẹ̀, ó pariwo sókè: "Èmi kẹ̀? Má parọ́ mọ́ mi o! Orí ṣòkòtò ni kọfí tèmi máa ń dà sí. Wendell ló ni í. Mo kàn bá a tọ́jú ẹ̀ ni." Ileana ní, "Wendell wo?" Odell ní, "Bàbá ọmọ yìí. Ó lágídí bí bóòtù tó ti dípẹtà, àmọ́ tó bá ń wa Ìgbín, wàá rò pé ìkókó ló wà lórí itan ẹ̀."

Mo sọ̀kalẹ̀, mo sì rìn síwájú bí ẹni tí ó fẹ́ yẹ bàtà irin wò, kí wọ́n má baà rí ojú mi. Ẹ̀yin wà ní Nevada, Bàbá, ẹ rò pé kò sí ẹni tí ó tún dárúkọ yín níhìn-ín. Àṣà yín sì ń gun ọ̀nà lọ lójú gbogbo ènìyàn, nínú kọ́ọ̀pù kan, kò sì dà.

Nígbà tí a padà sí ibi tí a gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wa sí, Odell ní kí n dúró. Ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé abọ́ búlúù kan jáde, èyí tí ẹnu rẹ̀ ti bó. "Sọ fún bàbá ẹ pé abọ́ mi ṣì ṣófo," ni ó wí. Mo rò pé àwàdà ni, mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. "Mi ò jẹ nǹkan kan nínú ẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ìyàwó mi fẹ́ máa fi bomi fún ajá, mo ní kó gbé e sílẹ̀, ẹ̀wà ń bọ̀ wá bọ́ sínú ẹ̀. Ó ní orí mi ti yí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ sọ fún un."

Mo dé ilé, mo sọ ọ̀rọ̀ abọ́ náà fún Màmá. Ó gbé fìlà oòrùn rẹ̀ dé, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Ó mú mi kọjá igi ọsàn, lọ sí ìdí ọgbà tí ó dojú kọ odò, níbi tí ó ti máa ń gbin ẹ̀wà. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń jẹ nínú ẹ̀wà yẹn, n kò sì béèrè rí. Ó ní, "Níbo lo rò pé eléyìí ti wá?" Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ: "Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé ọjọ́ tí bàbá ẹ dà á, mo jáde kí n kó o kúrò, kí eku má baà sọ ibí di ilé. Mo bá mélòó kan tó ti hù lábẹ́ òjìji igi ọsàn. Oòrùn oṣù Keje ni o! Kò sí ẹ̀wà tó yẹ kó hù nínú oòrùn yẹn. Mo wò wọ́n, mo ní, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lágídí tó báyìí, ẹni tó dà yín síbí ló bí yín." Láti ìgbà náà ni ó ti ń gbìn ín bí oòrùn bá ti rọ̀, tí ó ń kórè, tí ó sì ń pa irúgbìn mọ́ sínú ìgò lórí pẹpẹ ilé ìdáná. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ fún yín. Ó ní, "Ó mọ ibi tó dà á sí. Ṣé èmi ni mo ní kó máa kẹ̀yìn síbẹ̀ ni?"

Bàbá mi, ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ mi. Gbogbo ìlú rò pé ní ọjọ́ yẹn ẹ da ẹ̀wà nù. Ẹ̀yin náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ẹ̀wà yìí, ọwọ́ yín ni ó ti wá, ẹ̀yin ni ẹ sì fi kọ́ mi nígbà tí ìka mi kò tíì gùn ju ihò rẹ̀ lọ. Ẹ̀wà tí ó ti mu omi, bí kò bá wọ ìkòkò, tí ó bá wọ ilẹ̀, kì í ṣe pé a kò lọ mọ́. Ọjọ́ mìíràn ni. Ẹnu yín sọ pé ó ti parí. Ọwọ́ yín sì gbé ẹ̀wà fún ilẹ̀. Nínú ẹnu àti ọwọ́ yín, èmi gba ti ọwọ́ gbọ́, torí ọwọ́ ni ó gbé Ìgbín lọ tí kọfí kò fi dà.

N kò sọ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí yín dára. N kò sì ní í tàn yín jẹ pé ti ìsinsìnyí kò ní í dópin. Ohun tí ènìyàn bá dá sílẹ̀, ènìyàn lè dá a dúró. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìṣojú mi, kí èmi náà gba ìwé tèmi, kí n kó irinṣẹ́ mi sínú páálí. Bí ọjọ́ náà bá dé, mo fẹ́ ti mọ ohun tí ènìyàn ń fi ẹ̀wà rẹ̀ ṣe. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti kọ́ mi ní ìyẹn. Mo fẹ́ rí bàbá mi kí ó dìde lẹ́yìn ìparí, kí ó dáná. Àwọn tí mo ń gbẹnu sọ fún, tí wọ́n ti fọ́n ká báyìí láti Texas dé Alabama, ohun kan náà ni wọ́n fẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn òbí wọn. A kò ní kí ẹ gbàgbé. Ẹ kàn jẹ́ kí a jọ jẹun.

Ìwé ìdádúró tí wọ́n fún yín, ti iṣẹ́ ni. Kò sí ẹni tí ó fún yín ní ti ilé.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín, èmi ọmọ yín, pẹ̀lú Odell àti abọ́ rẹ̀, pẹ̀lú Ileana tí ó fẹ́ mọ ẹni tí ó ni kọfí tí ó ń mu. Ẹ wá kí ọkọ̀ tó gbéra ní oṣù tó ń bọ̀. Ẹ gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́, ẹ wọ ọkọ̀, ẹ máa bọ̀. Ẹ gbé àga yín kúrò ní fàráńdà iwájú, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ sì kọjú sí odò. Bí ó bá lọ, ẹ̀yin ni kí ẹ ṣá ìṣáná. Bí wọ́n bá sì sún un síwájú, a óò gbìn ín. Ìka mi ti gùn tó nísinsìnyí, ṣùgbọ́n mo ṣì fẹ́ kí ẹ fi ibi tí n óò dá ihò sí hàn mí.

Kí Ọlọ́run tí ó ń ṣọ́ àwọn tí ó gòkè ṣọ́ ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ilẹ̀. Kí ọ̀nà gígùn kúrú fún yín. Kí ọwọ́ yín má gbọ̀n, kí àgádágodo ilé yìí má yí padà kí ẹ tó dé, kí igi ọsàn tí ó ṣíji bo ohun tí ẹ rò pé ó ti kú sì tún ṣíji bo ẹ̀yin náà.

Èmi ni ọmọ yín tí ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìgbín yín,

Delaney Prewitt.

Àfikún: Màmá ti ka lẹ́tà yìí nídìí tábìlì. Ó ní ọ̀rọ̀ mi pọ̀ jù, pé ẹ kò ní í kà á dé ìdajì, ó sì kà á lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ìgò sọ̀kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó bu ẹ̀wà ẹ̀kúnwọ́ kan sínú àpò ìwé yìí. Òun ni ẹ gbọ́ tí ó ń dún nígbà tí ẹ gbé e. Mo bi í bóyá kí n sọ fún yín pé kí ẹ rẹ ẹ́. Ó ní, "Ó mọ̀ ọ́n rẹ. Sọ fún un pé mi ò bẹ̀ ẹ́ o. Sọ fún un pé mo ti fọ ìkòkò, àmọ́ ó wúwo jù fún ẹnì kan ṣoṣo láti gbé kaná."